Olùdáhùn Kẹtàdínlógún Ni Wọ́n Wá Kí

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí fóònù ni mo ti ń tẹ èyí báyìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀ yìí, tí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún mi lánàá, màá ní irọ́ gbuu ni!

Fọ́tò ni mo fẹ́ yà. Fọ́tò lásán! Bàbá tó bí ìyá mi, tí gbogbo Àrámọko ń pè ní Ọ̀gá Bọ́lárìnwá, pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún lónìí. Mo ní kí n gbé sátífíkéètì tíṣà ẹ̀ kúrò lára ògiri kí n fi sí i lọ́wọ́, kó lè yọ dáadáa nínú fọ́tò. Ìṣó yọ. Férémù já bọ́. Gíláàsì fọ́ yángá. Bébà kan tó ti gbó, tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, yọ jáde lẹ́yìn sátífíkéètì. Orúkọ èèyàn méjì ni wọ́n tẹ̀ sí i. Ẹnì kan sì ti fa íǹkì la ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì kọjá.

"Bàbá, kí lèyí?"

Bàbá wo bébà náà. Ọkùnrin tí mi ò rí omijé ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin ìyá àgbà, ó bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Odidi wákàtí méjì ló fi sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó na ìka sí fóònù ọwọ́ mi.

"Ṣebí inú nǹkan yìí lo máa ń kọ ìtàn sí tí ayé ń kà á? Kọ èyí náà. Má dá mi sí o. Tí o bá fi oyin bò ó fún wọn, mi ò ní dárí jì ọ́."

Ẹ gbọ́ o. Òun ló sọ ọ́. Tí mo bá bú bàbá mi àgbà nínú ìtàn yìí, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́. Mo gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí mo fẹ́ bú.

Lọ́dún 1963, tíṣà ni Bọ́lárìnwá ní Àrámọko. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ Comfort, ìyá tó bí ìyá mi. Bàtà ẹ̀ ń dán, ìgbéraga ẹ̀ sì ń dán ju bàtà lọ. Ọkùnrin tó máa ń so táì lọ sódò! Tí ọbẹ̀ bá tẹ́, kò ní sọ pé ẹ bá òun mú iyọ̀ wá bí ọmọ èèyàn. Á kọ́kọ́ wúkọ́, á ní, "Ní ti ọ̀rọ̀ iyọ̀..."

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè fara da fáàrí yẹn. Samson Ọmọ́tọ́ṣọ́ lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ìlógbò, tíṣà bíi tiẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Samson. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti mọ gbogbo abúlé tó wà láàárín Ẹ̀fọ̀n sí Ìjerò, kò sì sí ilé tó dé tí wọn ò ní fún un níṣu jẹ.

Samson ló mú jọ́nà náà wá. Jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì máa ń tẹ ìwádìí wọn sí. Eléyìí dá lórí bí àwùjọ èèyàn ṣe ń gbé ayé: oko, oyè, ìgbéyàwó, gbogbo ẹ̀. Lójú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń fẹ́ kí tíṣà ìgbèríko náà kọ̀wé ránṣẹ́. Ẹni tí tiẹ̀ bá dára jù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á sì mú un wọ yunifásítì Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú ìwádìí. Láti ibẹ̀, ọ̀nà là títí dé oyè dìgírì.

"Àyè mélòó ni wọ́n ní?" Bọ́lárìnwá béèrè. Itọ́ ti ń dà lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹyọ kan."

"Àwa méjì ńkọ́?"

Samson rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á na ọwọ́ sí ẹnì kejì. Ṣebí orí àáró náà la fẹ́ kọ̀wé lé?"

Òótọ́ ni, àáró ni wọ́n mú. Lónìí, gbogbo wa lóko tìẹ. Lọ́la, gbogbo wa lóko tèmi. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá owó kòkó àti alágbàṣe ti ń pa àáró kú lápá ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n kọ ọgbọ̀n ìbéèrè. Samson á lọ sí ogójì ilé ní Ìlógbò àti ogójì ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Bọ́lárìnwá á lọ sí ogójì péré ní Ìlọrò, níbi tí wọ́n ti bí ìyá ẹ̀. Ìyá yẹn ti kú tipẹ́, Bọ́lárìnwá ò sì tẹ Ìlọrò mọ́ láti ọjọ́ tó ti di tíṣà. Kí ló fẹ́ wá débẹ̀? Ẹrẹ̀?

Samson gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, àgbẹ̀ kan gbọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́, kò dáhùn. Ó na ọkọ́ sí i.

"Tíṣà, o fẹ́ mọ àáró? Kọ ogún ebè ná."

Samson bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó kọ ogún ebè. Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ yẹn jókòó tì í, tó dáhùn gbogbo ìbéèrè, tó tún pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá. Báyìí ló ṣe ń ṣe é láti oko dé oko. Nígbà tó máa fi padà dé, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti bó.

Bọ́lárìnwá rí ọwọ́ náà, ó kú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀mọ̀wé ọlọ́kọ́! Ṣé ìwádìí lo lọ ṣe ni àbí iṣẹ́ alágbàṣe?"

Òun ńkọ́? Ó lọ, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Sátidé kan báyìí, ó wọ ṣòkòtò funfun, ó gun lọ́rì. Lọ́rì já a sílẹ̀ ní oríta, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹrẹ̀ wà níwájú, ó ń wò ó. Ó wo ẹrẹ̀, ó wo ṣòkòtò. Ó dúró de lọ́rì tó ń padà bọ̀, ó gùn ún, ó di ilé.

Ìwádìí parí.

Inú Bíbélì Comfort ni èṣù gbà wọlé sí i lára, ẹ ò rí nǹkan! Comfort bá àwọn obìnrin ìjọ lọ kọrin níbi ìkórè ní Ìlọrò lọ́dún tó ṣáájú, ìwé ètò ìkórè ọjọ́ náà ló fi ṣe àmì sínú Bíbélì ẹ̀. Bọ́lárìnwá ń wá ẹsẹ kan tó fẹ́ fi bá ẹnì kan jiyàn, ìwé náà bá já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó yí i wò lẹ́yìn. "Orúkọ àwọn ilé tí yóò jáde dúpẹ́." Orúkọ baálé ilé mẹ́rìndínláàádọ́ta, gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé ìwé.

Ogójì péré ló nílò. Mẹ́fà tún máa ṣẹ́ kù!

Ó gbé àga sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, ó gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ̀ léèrè, ó ń dá ara ẹ̀ lóhùn. Comfort tó ń sá ẹ̀gẹ́ dúró wò ó.

"Tíṣà, ẹ ò mà tíì dé Ìlọrò."

"Mo ti dé ibẹ̀ nínú ọpọlọ mi."

"Ṣé inú ọpọlọ yín ni wọ́n ń gbé?"

"Comfort, àgbẹ̀ ni wọ́n. Tí o bá ti gbọ́ ti àgbẹ̀ kan, o ti gbọ́ ti gbogbo wọn. Sá ẹ̀gẹ́ ẹ."

Comfort sá ẹ̀gẹ́ ẹ̀.

Ní olùdáhùn kìíní sí ìkẹwàá, ọ̀gbẹ́ni ṣì ń rọra ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ̀. Nígbà tó dé ìkẹtàdínlógún, irọ́ ti ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí oyin inú àpáta. Ògúntóyè lorúkọ tó wà níbẹ̀. Bọ́lárìnwá ò mọ̀ ọ́n rí. Ó fún un ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó fún un ní oko kòkó méjì. Ó wá fún un ní ẹnu.

"Owó kòkó lè ra ọwọ́ èèyàn, kò lè ra ẹ̀yìn ẹ̀. Alágbàṣe á ro oko mi tán, á lọ. Tí mo bá ṣubú sínú ebè, ta ni yóò gbé mi?"

Ó ka ohun tó kọ, ó lu itan ara ẹ̀. Ará Ìlọrò gbọ́n o! Àti pé níbi tí wọ́n ti béèrè pé kí lẹ fẹ́ fi owó kòkó ọdún tó ń bọ̀ ṣe, ó ní kí Ògúntóyè dáhùn pé: "Màá fi fẹ́ ìyàwó tuntun, ọmọge tí ara ẹ̀ le, kí ọwọ́ lè pọ̀ sí i nínú ilé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo òpònú yìí.

Samson ló tẹ ìwé náà. Ó yá tápúráítà lọ́dọ̀ akọ̀wé kan, ìka méjì ló fi tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀dà mẹ́ta, bébà kábọ̀n láàárín wọn kí ọ̀rọ̀ lè yọ sára gbogbo wọn, àyè fífẹ̀ lápá òsì bí jọ́nà ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Òfin kan tún wà: orúkọ ẹni tó kọ̀wé ò gbọdọ̀ sí lórí iṣẹ́ náà. Ìwé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tẹ orúkọ sí, kí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò má bàa ṣe ojúsàájú.

Samson tẹ ìwé ọ̀tọ̀ yẹn náà. Orúkọ Bọ́lárìnwá ló kọ́kọ́ tẹ̀, torí ó fi oṣù mélòó kan jù ú lọ: "Iṣẹ́ Ìlọrò." Ó tẹ tiẹ̀ tẹ̀ lé e: "Iṣẹ́ Ìlógbò àti Òkè-Ìmẹ̀sí." Ó yọ ẹ̀dà kábọ̀n ìwé náà, ó fi sínú àpò ara ẹ̀.

"Ará Ìlọrò kẹtàdínlógún yìí," Samson wí, "èèyàn gidi ni o. Mú mi lọ kí i lọ́jọ́ kan."

"Á di ọjọ́ mìíràn," Bọ́lárìnwá dáhùn. Ojú ò tì í.

Òun ló ní kí òun lọ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Samson kó ìwé náà àti àwọn fọ́ọ̀mù ìbéèrè sínú àpòòwé, ó gbé e lé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n. Ó ku ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà kó dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ń dún lágbárí Bọ́lárìnwá. Ẹyọ kan. Ẹyọ kan. Ta ló rò ó? Ṣé ẹni tó ń kọ ebè kiri ló yẹ yunifásítì? Ta ló ní Ògúntóyè? Ta ló ní gbólóhùn tó dùn jù nínú ìwé náà?

Ó yí padà. Ó lọ yá tápúráítà yẹn kan náà, lọ́wọ́ akọ̀wé yẹn kan náà. Ó tẹ ìwé orúkọ tuntun. Orúkọ kan ṣoṣo. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́, ó fi ìlà kan kún un: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó bá mi gbé bébà kiri."

Tó bá mi gbé bébà kiri! Bàbá mi àgbà nìyẹn o. Ó lẹ àpòòwé pa, ó fi ránṣẹ́, ó ń súfèé bọ̀ wálé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé. Mísì Adéṣínà ló kọ ọ́, ọmọbìnrin kan tó ń bá olóòtú jọ́nà náà ṣiṣẹ́. Àwọn mẹ́ta tó yẹ ìwé náà wò, gbogbo wọn ló yìn ín. Wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Bọ́lárìnwá fò sókè, orí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àjà. "Comfort! A ti wọ yunifásítì!"

Ó wá ka ojú ewé kejì.

"Èyí tó wú wa lórí jù ni olùdáhùn kẹtàdínlógún. A ò tíì gbọ́ irú ọgbọ́n báyìí lẹ́nu àgbẹ̀ rí. Kí a tó tẹ̀wé àti kí a tó fún yín ní àyè náà, mò ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí n lè bá bàbá náà sọ̀rọ̀ fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sílé e wọn ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní."

Bọ́lárìnwá jókòó.

"Kí ló dé?" Comfort béèrè.

"Wọ́n fẹ́ rí bàbá kan."

"Bàbá wo?"

"Ará Ìlọrò."

Comfort wò ó títí. "Tíṣà, ẹ dìde. Ẹ gun lọ́rì lónìí yìí, ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, kí ẹ jẹ́wọ́ fún un, kí ẹ bi í ní ìbéèrè yín lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì wà."

Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀nà àbáyọ wà? Ó wà! Ìyá àgbà là á sílẹ̀ fún un gbalaja. Ọkùnrin yìí so táì ẹ̀ le sí i.

"Kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ará oko? Èmi?"

Jídé, awakọ̀ lọ́rì tó ń ná ọ̀nà Ìlọrò, ló rán. Ó ní kó sọ fún wọn nílé Ògúntóyè pé àlejò ń bọ̀ láti Ìbàdàn, kí bàbá wẹ̀, kó wọ aṣọ tó mọ́, kó jókòó sílé, ohunkóhun tí tíṣà bá sọ, kó máa mi orí. Jídé padà dé lọ́jọ́ kejì.

"Mo jẹ́ iṣẹ́ yín. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ìyá kan rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní kí ẹ máa bọ̀ ṣáá."

"Inú wọn dùn nìyẹn," Bọ́lárìnwá wí.

Síbẹ̀, àyà ẹ̀ ń já. Tí bàbá bá ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ ńkọ́? Ó mú kálámù, ó kọ̀wé sí Mísì Adéṣínà: ọ̀gbẹ́ni tó bá òun gbé bébà kiri, Samson Ọmọ́tọ́ṣọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ báyìí-báyìí, ló bá olùdáhùn kẹtàdínlógún sọ̀rọ̀. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ti Samson ni. Nígbà tí oúnjẹ dùn, òun nìkan ló fẹ́ jẹ ẹ́. Nígbà tó fẹ́ kan, ó rántí pé òun ní ọ̀rẹ́.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Mísì yẹn kì í fi nǹkan falẹ̀. Bó ṣe gba lẹ́tà náà, ó kọ̀wé sí Samson, ó ní kó jọ̀ọ́ kó bá àwọn débẹ̀ lọ́jọ́ náà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òun ló gbé bébà fún Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá. Samson ka lẹ́tà yẹn nínú kíláàsì, níwájú àwọn ọmọ. Ó ní kí wọ́n máa kọ ìsọdipúpọ̀ sílẹ̀. Ó jáde, ó lọ dúró lẹ́yìn ilé ìwé.

Títí Sátidé fi dé, àwọn méjèèjì ń kí ara wọn láràárọ̀. Samson ò dárúkọ lẹ́tà. Bọ́lárìnwá náà ò dárúkọ tiẹ̀.

Mísì Adéṣínà gba Iléṣà, ó gba òkè Ẹ̀fọ̀n, ó dé Àrámọko nínú ọkọ̀ ìjàpá kékeré kan. Bọ́lárìnwá ti wọ kóòtù, oòrùn ń bó o lórí. Ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ jọba.

Wọ́n dé iwájú ilé Ògúntóyè ní Ìlọrò. Ẹni àkọ́kọ́ tí Bọ́lárìnwá rí, kẹ̀kẹ́ ẹni náà ló kọ́kọ́ rí. Samson jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ iṣu sísun.

"Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀ o," Samson wí. Látọjọ́ tí wọ́n ti ń bá ọ̀rẹ́ bọ̀, kò fi "ẹ" kí i rí. "Ẹni tó ń bá yín gbé bébà kiri ti dé."

Bọ́lárìnwá sọ̀ kalẹ̀, ó tún táì ẹ̀ so.

Ìyá arúgbó kan jáde, gèlè ẹ̀ kọ́ sí apá kan. Ìyá Ẹ̀yínadé ni wọ́n ń pè é, òun ni ìyàwó Ògúntóyè. Àwọn ará ilé ti tò sẹ́yìn ẹ̀, tọmọdé tàgbà, gbogbo wọn ń pa ẹ̀rín mọ́nu. Wọ́n gbé àga fún Mísì. Kò sí àga mìíràn. Pèpéle sìmẹ́ǹtì kan wà níwájú ilé, ó fẹ̀, ó dán. Bọ́lárìnwá fi áńkáṣífù nù ún, ó jókòó sórí ẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì.

Mísì tẹ ẹ̀rọ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá náà. "Ẹ kú ilé o, mà. Bàbá Ògúntóyè la wá kí. Ṣé wọ́n wà nítòsí?"

"Ó wà o, ọmọ mi," ìyá náà dáhùn. "Tíṣà yín ló jókòó lé e lórí yìí."

Bọ́lárìnwá fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ gùn. Ibi tó ti dìde, lẹ́tà wà lára sìmẹ́ǹtì náà: ÒGÚNTÓYÈ. Ó SÙN NÍ 1958.

Ọdún márùn-ún! Ọdún márùn-ún lọkùnrin náà ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kí Bọ́lárìnwá tó gbé ìbéèrè ọgbọ̀n ka iwájú ẹ̀.

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mísì ò rẹ́rìn-ín. "Mà, báwo lorúkọ wọn ṣe wà nínú ìwé?"

"Orúkọ ẹ̀ kì í kúrò níwèé," ìyá náà wí. "Ulé ẹ̀ rèé. Òun ló kọ́ ọ. Bọ́dún ìkórè bá dé, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ń pè, àwọn ọmọ ẹ̀ á jó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé gbogbo wa. Ta ló ń yọ orúkọ bàbá torí ó kú? Ọmọ Ìlọrò wo ni kò mọ̀yẹn?"

Ọmọ Ìlọrò tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ oríta ló mọ ni kò mọ̀ ọ́n.

Mísì yọ fọ́ọ̀mù kan nínú fáìlì. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ìwé yìí sọ pé bàbá ní, bí owó kòkó bá dé, àwọn á fi fẹ́ ìyàwó tuntun."

"Ta ní?"

"Bàbá."

"Ọkọ mi yìí?" Ìyá Ẹ̀yínadé sún mọ́ sàréè, ó fi ẹsẹ̀ gbá a díẹ̀díẹ̀. "Baba Ẹ̀yínadé! Ìyàwó lẹ tún fẹ́ fẹ́ nísàlẹ̀ ibẹ̀? Ṣé èmi ò tó yín ni? Tíṣà, má sá, wá ń'bí! Ìwọ lo bá a sọ̀rọ̀. Ọmọge ulé ta ló ní òun fẹ́? Ṣé òkú náà ni àbí alààyè? Kí n mọ irú orogún tó ń bọ̀ wá bá mi!"

Àwọn kan ti ṣubú lulẹ̀ látàrí ẹ̀rín. Obìnrin kan ń pariwo pé kí tíṣà bá òun béèrè ibi tí ọkọ òun náà fi ọkọ́ sí kó tó lọ.

Mísì ń ka àwọn orúkọ yòókù jáde, àwọn ará ilé ń dá a lóhùn. Ó wà. Ó ti kú. Ó ti kú. Ó wà, ṣùgbọ́n Ondó ló ń gbé. Ó ti kú. Nínú ogójì, òkú jẹ́ mẹ́rìnlá, alààyè kankan ò sì rí tíṣà rí.

Ó pa fáìlì dé. "Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, ta ló kọ àwọn ìdáhùn yìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, níbí yìí ni mo ti gbé fóònù sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí mo wo bàbá mi àgbà lójú, tí mo ní, "Bàbá, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ṣe é." Ó ní òun ṣe é.

Ó na ìka. Ó nà án sí Samson, níwájú gbogbo ènìyàn. "Òun ni. Òun ni mo rán. Mo fọkàn tán an ni."

Ẹ̀rín dá. 

Samson nu ọwọ́ ẹ̀ lára ṣòkòtò. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ bébà kan tó ká ní mẹ́rin, ó fún Mísì. Ẹ̀dà kábọ̀n ni. Orúkọ méjì. Bọ́lárìnwá, iṣẹ́ Ìlọrò. Samson Ọmọ́tọ́ṣọ́, iṣẹ́ Ìlógbò àti Òkè-Ìmẹ̀sí.

Mísì fi wé ìwé orúkọ tó wà nínú fáìlì ẹ̀, èyí tó ní orúkọ kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbójú sókè wo Bọ́lárìnwá bí ẹni wo nǹkan tó lẹ̀ mọ́ bàtà.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́," ó wí, "ṣé àwọn èèyàn tiyín wà láyé?"

"Ẹ lọ bi wọ́n. Ẹni ọgọ́rin. Ebè tí mo kọ lóko wọn, iṣu ti ta nínú ẹ̀."

"Kò sí ẹni tó máa tẹ ìwé yìí mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ ti ọgọ́rin yẹn nìkan, ní orúkọ ara yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ọdún yìí tó parí, àyè yẹn ṣì ṣófo."

Ó dá ẹ̀dà kábọ̀n náà padà fún Samson, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹ̀rọ ẹ̀ mọ́.

Bọ́lárìnwá bá dọ̀bálẹ̀. Ṣòkòtò tó ń sá fún ẹrẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ Ìlọrò, táì ẹ̀ nà sílẹ̀ bí ejò tí wọ́n pa. "Samson, ọ̀rẹ́ mi. Má jẹ́ kó rí báyìí. Orúkọ wa ló wà níbẹ̀, èmi àti ìwọ. Sọ fún un pé a jọ ṣe é ni."

Samson bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó tẹ́ bébà náà sórí sàréè Ògúntóyè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó ti le bí igbá ẹ̀yìn ìjàpá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ó yọ bíro láyà ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

"Ṣebí orúkọ kan ṣoṣo lo fẹ́," ó wí.

Ó fa ìlà gbọọrọ la orúkọ ara ẹ̀ kọjá, ó mú òkúta kan, ó gbé e lé bébà náà kí atẹ́gùn má gbé e lọ, ó gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀.